Àìtètè Mólè: Ta Ni Ó Ń Jí Àkókò Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, pàápàá jù lọ àwọn àgbà kan tí mo ń bọ̀wọ̀ fún. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe bínú sí mi. Bí mo bá dákẹ́, a jẹ́ pé mo ti di ọ̀kan nínú àwọn tí mo fẹ́ bá wí.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pe àwa olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Atakpamé. Àkòrí rẹ̀ ni bí ènìyàn ṣe lè lo àkókò rẹ̀ dáradára kí iṣẹ́ rẹ̀ lè so èso. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Àwa tí a ti Akparé wá kúrò nílé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, lórí zémidjan, nínú eruku. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, a ti jókòó. Aago mẹ́sàn-án lù, wọ́n ní a ń retí ọ̀gá tí yóò ṣí ètò. Aago mẹ́wàá lù kí ọkọ̀ ọ̀gá tó dé. Gbogbo wa dìde, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí iyì àkókò, ó ní àìmọyì àkókò ni ó ń fa ilẹ̀ Áfíríkà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó ní kí a má bínú, wọ́n ń retí òun níbòmíràn. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn ọmọ ní kíláàsì. Àwa ogójì ni a wà nínú yàrá náà. Wákàtí méjì ni a fi dúró. Ìlọ́po méjì ogójì, wákàtí 80 ni. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Tógò sọ pé wákàtí 40 ni òṣìṣẹ́ yóò fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ méjì gbáko ni ọ̀gá náà fi owúrọ̀ kan ṣoṣo jẹ, kò sì mọ̀ pé òun jẹ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ pé àpò àgbàdo ni ó gbé nínú àká wa, à bá ti pariwo olè.

Nígbà tí a ń dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà dìde, ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ìdí tí a kò fi lè bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀gá wá bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ojú tí wọ́n fi wò ó! Wọ́n ní kò ní sùúrù. Wọ́n ní àwọn ọmọ òde òní kò mọ àgbà mọ́. Ó jókòó pẹ̀lú ìtìjú. Ẹni tí ó dé lásìkò ni ó di arúfin; ẹni tí kò dé lásìkò ni a pàtẹ́wọ́ fún. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: n kò rí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí n má ṣe ya aláìmoore. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí a máa kọ iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ó ní iṣẹ́ tí ó wúwo jù ni kí a fi ṣáájú, nígbà tí ọpọlọ ṣì tutù. Ó ní kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ń kán wa lójú àti ohun tí ó ṣe pàtàkì, kí a sì gbé tẹlifóònù sápá kan nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́. Mo padà sí Akparé, mo fi ọ̀sẹ̀ kan dán gbogbo rẹ̀ wò. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí tẹlifóònù wọ inú àpótí, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ tí ó máa ń gbà mí ní alẹ́ méjì, alẹ́ kan ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò tán.

Ṣùgbọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀, mo wo àwọn nǹkan tí n kò rí ìlà fà lé lórí nínú ìwé mi. Ìwé ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC: ó ń dúró de òǹtẹ̀. Ìpàdé àwọn òbí: ó ń dúró de alága. Àga ìjókòó kíláàsì tí ó ṣẹ́: ó ń dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ sí i pé kí a tún un ṣe. Aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó: ó ń dúró de aránṣọ tí ó ní kí n padà wá lọ́la, láti ọ̀la dé ọ̀la. Nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tí ìwà ọ̀lẹ mi fà. Mo ti to ọjọ́ mi bí ẹni to igi ìdáná, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni iná wà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ẹni tí kò yẹ ni wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn tí wọ́n ń kó jọ láti kọ́ bí a ti ń lo àkókò ni àwọn tí àkókò wọn kò sí ní ìkáwọ́ wọn. Ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó sí iwájú kíláàsì náà, kí ó sì gbọ́ ọ dópin, ni ẹni tí ó lè mú ogójì ènìyàn dúró láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ìṣòro náà kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1911, Frederick Taylor, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ darí iṣẹ́, ìwé náà sì di ìyá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Aago ni Taylor àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi ka ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ ń lò láti gbé irin tàbí láti da èédú. Òṣìṣẹ́ ni aago náà kọjú sí. Mélòó ni ìgbà tí ó yíjú sí ẹni tí ó di aago mú?

Wọ́n á ní ìwà wa ni. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Faransé, l’heure africaine, àwa fúnra wa sì ti gba orúkọ náà, a ń fi í rẹ́rìn-ín, a ń fi í tọrọ àforíjì. Irọ́ gbáà ni. Aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn aago Bẹ̀nẹ̀. Ìyá tí ó ń kó gàrí kọjá ẹnubodè lè má mọ ìwé kà, síbẹ̀ ó mọ̀ pé nígbà tí ó bá di aago méje lọ́dọ̀ wa, aago mẹ́jọ ti lù lọ́hùn-ún. Aago méjì ni ó ń gbé sórí lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà kò sì tú mọ́ ọn lójú nítorí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin òwú mọ̀ pé bí òjò oṣù kẹfà sí oṣù keje bá kọjá lórí ilẹ̀ tí kò tíì ní irúgbìn, kíkórè rẹ̀ yóò dín kù. Kò sí ẹni tí yóò bẹ òjò kí ó padà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí kì í dé ìpàdé àfi bí wákàtí kan bá ti kọjá, n kò rí i rí kí ó fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ ṣínu nínú ààwẹ̀ Ramadan. Kí àwa Kristẹni má sì rẹ́rìn-ín: mo mọ ẹni tí ó máa ń bá ìwàásù lẹ́nu ìparí ní ọjọ́ Ìsinmi, tí kì í bá bọ́ọ̀lù ní ìdajì láé. Àwọn baba wa sì ka ọjọ́ ọjà, wọ́n ka ìtàdógún, láìní kàlẹ́ńdà lára ògiri.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ́wọ́ mi ni àáró. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ka ìwé yìí ní Lomé lè má mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí i: ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá ni ó máa ń bẹ ọ̀wẹ̀, bóyá ó fẹ́ kọ́lé tàbí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ fún àna rẹ̀, a sì máa fi oúnjẹ àti ẹmu tọ́jú àwọn tí ó bá wá. Àáró ní tirẹ̀ jẹ́ gbèsè. Àgbẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà tí agbára wọn dọ́gba á para pọ̀. Oko ẹni kìn-ín-ní lónìí, oko ẹnì kejì lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi yí po. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ni owó tí wọ́n ń ná láàárín ara wọn. Baba mi ṣe àáró, mo sì máa ń tẹ̀ lé e nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń gbé kèrègbè omi. Bí ẹnì kan bá dé lẹ́yìn tí oòrùn ti mú, kò sí ẹni tí ń bú u. Wọ́n kàn á fi ìpín rẹ̀ hàn án. Ebè tí ó yẹ kí ó ti kọ kí ìrì tó gbẹ ń dúró dè é níbẹ̀, yóò sì kọ ọ́ tán kí ó tó kúrò lóko, nígbà tí àwọn yòókù ti ń fọ ọkọ́ wọn láti lọ sílé. Mo rí i tí ọkùnrin kan dá nìkan kọ ebè tirẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, òun ni ó ń jí àwọn yòókù.

Kí ni ó mú kí àáró dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé àwọn baba wa jẹ́ áńgẹ́lì. Yíyí ni ó ń yí. Ẹni tí o bá mú dúró lóko rẹ̀ lónìí, òun ni ìwọ náà yóò máa retí lóko tìrẹ lọ́la. Gbèsè àkókò tí o bá jẹ yóò padà wá bá ọ nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì nínú ọ́fíìsì, tí ó mú ẹ̀gbọ́n mi dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò ní dé oko ẹ̀gbọ́n mi láé. Kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan tí ẹnikẹ́ni yóò bi í léèrè. Ibi tí àáró ti kú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé ìbí yìí díẹ̀ sí i, nítorí pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ, nígbà tí àgbàdo ti gbó lóko. Nígbà àkọ́kọ́, ẹni tí yóò fọwọ́ sí i ti rìnrìn àjò. Wọ́n jẹ́ kí ó jókòó títí di ọ̀sán kí wọ́n tó sọ fún un. Nígbà kejì, ìwé kan kù tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kẹta, wọ́n ṣe é, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó zémidjan ẹ̀ẹ̀mẹta ń kọ́? Ọmọ tí ó fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò ń kọ́? Àgbàdo tí àwọn òkété bá a jẹ ń kọ́? Kò sí ìwé kankan nínú ọ́fíìsì náà tí wọ́n kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sí. Àwọn obìnrin wa ni ó sì ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó orí yìí, nítorí pé omi, iná, ọmọ àti ọjà kì í dúró dè wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń dúró de ẹlòmíràn.

Owó orí ni mo pè é, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Ní 1907, ìjọba Jámánì tí ó ń ṣàkóso Tógò pa á láṣẹ pé kí ọkùnrin tí ó bá ti dàgbà máa fi ọjọ́ 12 ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún, àfi ẹni tí ó bá lè san owó dípò rẹ̀. Faransé gbàjọba lẹ́yìn ogun, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, àwọn ènìyàn wa sì ń la ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris tó ṣe òfin tí ó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní àwọn ilẹ̀ òkè òkun tí ó wà lábẹ́ wọn. Iṣẹ́ àfipáṣe lọ. Ìdúró àfipáṣe kò tíì rí òfin tirẹ̀. Kí olúkúlùkù ka iye ọjọ́ tí ó fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì láàárín ọdún kan, kí ó sì wò ó bóyá kò tíì san ọjọ́ 12 ti àwọn Jámánì tán.

Kí wọ́n má sì sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni a kò ní. Ní Kamina, tí kò jìnnà sí Atakpamé, àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò aláìlókùn kan láàárín 1911 àti 1914, òógùn àwọn ènìyàn wa sì wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá Nauen sọ̀rọ̀, nítòsí Berlin, ní ọ̀nà tí ó lé ní 5,000 kìlómítà. Ní oṣù kẹjọ 1914, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń sún mọ́ tòsí, àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́; àwókù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ń ti ẹ̀bá ìlú wa dé Berlin kí ènìyàn tó mí kanlẹ̀. Ìwé ìbí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀sẹ̀ méjì rin láti tábìlì kan dé èkejì nínú yàrá kan náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní mo fẹ́ sọ wá di òyìnbó, kí a máa sáré kiri, kí a má kí ara wa mọ́. Rárá o. Bí mo bá pàdé bàbá àgbà kan lọ́nà, n óò dọ̀bálẹ̀, n óò béèrè ilé, oko àti àwọn ọmọ, bí ó tilẹ̀ gbà mí ní ìdajì wákàtí, n kò sì ní ka ìdajì wákàtí náà sí òfò, nítorí pé àwa méjèèjì ni a jọ ná an, a sì jọ jèrè rẹ̀. Awakọ̀ tí kò kúrò ní gáréèjì Atakpamé lọ sí Lomé títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi kún kì í ṣe olè: epo wọ́n, ọ̀nà náà jìn tó bí 160 kìlómítà, òun náà sì ń dúró pẹ̀lú wa nínú oòrùn. Wọ́n á tún ní ọba ni ó máa ń dé kẹ́yìn sí àwùjọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dídé kẹ́yìn ọba wà nínú ètò. Ìlù á ti sọ ọ́, onílé àti àlejò á mọ ìgbà tí kábíyèsí yóò yọ. Ọ̀gá ọ́fíìsì kì í ṣe ọba, a kò sì lu ìlù fún un.

Wọ́n á ní sùúrù ni baba ìwà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwà tí ènìyàn ń hù láti inú ara rẹ̀ wá ni sùúrù. Bí ẹlòmíràn bá ti ń fi agbára gbà á lọ́wọ́ rẹ, orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́.

N kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún tí ó kọjá, mo pe àwọn òbí wá sí kíláàsì mi ní aago mẹ́rin, mo sì jókòó síbi tí mo ti ń bá ọ̀rẹ́ kan tayò títí aago márùn-ún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Nígbà tí mo dé, wọ́n dìde fún mi. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí. Ìyá kan tí ó gbé ọmọ pọ̀n ní, “Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà.” Iṣẹ́ wo? Ọ̀rọ̀ ìkíni náà dùn mí ju èébú lọ, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Níbi tí mo dé yìí, ohun tí mo ń béèrè kò nílò owó ìjọba, kò sì nílò olùdánilẹ́kọ̀ọ́ láti Lomé. Kí ọ́fíìsì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, ní èdè Faransé àti ní èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ, gbogbo ìwé tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mú wá àti ọjọ́ tí ẹni tí ń fọwọ́ síwèé máa ń wà níjòókòó, kí ẹni tí ó ti oko wá lè wá lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni náà bá fẹ́ rìnrìn àjò, kí ó yan ẹni tí yóò dúró fún un. Kí àwọn aránṣọ wa àti àwọn káfíńtà wa dá ọjọ́ tí ó jẹ́ òótọ́, bí ó tilẹ̀ jìn. Oníbàárà tí ó gbọ́ “ọ̀sẹ̀ mẹ́ta” tí ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta yóò padà wá.

Ṣùgbọ́n a kò lè ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo mú àbá kan wá fún ẹgbẹ́ wa. Kí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀ ní aago tí a dá, bí a bá tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Kí akọ̀wé kọ ìṣẹ́jú tí a bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, kí a sì kà á sókè ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé, ìbáà jẹ́ alága, ìbáà jẹ́ àlejò pàtàkì tí ó wọ agbádá mẹ́ta, kí ó wọlé jẹ́jẹ́, kí ó jókòó sẹ́yìn, kí a má ṣe tún ohun tí a ti sọ sọ nítorí rẹ̀. Àwọn kan yóò bínú. Ó ṣeé ṣe kí a pàdánù ọmọ ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó sì ṣeé ṣe kí olówó kan kọ̀ láti dáwó fún ayẹyẹ wa. Mo ti rò ó wò, mo sì rí i pé a lè fara dà á ju bí a ṣe ń fara da ohun tí à ń ṣe báyìí lọ.

Èmi ni akọ̀wé ní ọdún yìí, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà. A ti dá aago mẹ́ta ọ̀sán fún ìpàdé tí ń bọ̀. N óò ti ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, káfíńtà ọ̀rẹ́ mi sì ti ṣèlérí pé òun yóò wà níbẹ̀.